Fọ́tò Inú Fóònù Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan fóònù tí ó wà nínú àpò olúkúlùkù wa, pàápàá jù lọ àwọn fọ́tò tí a ń fi í yà. Ní ayé àtijọ́, bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn méjì, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni a máa ń pè láti wá jẹ́rìí. Lóde òní, kí a tó pe ẹnikẹ́ni, fọ́tò ni a kọ́kọ́ ń béèrè. Ilé-ìwé ọmọ ń béèrè fọ́tò, onílé ń béèrè fọ́tò, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe ìwé ìgbélùú ń béèrè fọ́tò, ọlọ́pàá àti lọ́yà náà kò sì gbẹ́yìn. Kì í ṣe ohun tí ojú rí nínú fọ́tò nìkan ni wọ́n ń wò mọ́. Wọ́n tún ń wo ọjọ́, aago àti ibi tí fóònù kọ pa mọ́ sínú rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nìyí: ǹjẹ́ a lè gbára lé àkọsílẹ̀ yìí bí a ti ń gbára lé ẹlẹ́rìí olóòótọ́?

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe. Láti ọdún 1993 ni mo ti ń ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ọjọ́ ìbí fún àwọn ènìyàn wa ní gúúsù London. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín yóò rántí kámẹ́rà ìgbà náà, èyí tí ó máa ń tẹ ọjọ́ sí igun fọ́tò ní àwọ̀ ọsàn. Bí ẹni tí ó ni kámẹ́rà kò bá tún ọjọ́ rẹ̀ tò lẹ́yìn tí ó pààrọ̀ bátìrì, ọmọ tí a bí ní ọdún 1996 yóò wà nínú fọ́tò tí a tẹ 1987 sí lára. Ẹ̀rín ni a máa ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rín, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó wúlò títí di òní: ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́, ohun tí aago inú rẹ̀ bá wí ni òun náà ń wí. Bí aago bá ṣìnà, ẹ̀rọ yóò fi ìdánilójú jẹ́rìí èké, ojú kò sì ní tì í.

Nísinsin yìí, ọjọ́ náà kò sí ní igun fọ́tò mọ́. Inú fáìlì ni ó fara pamọ́ sí. Ètò tí a fi ń kọ ọ́ ni a ń pè ní Exif. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Japan ni ó gbé e jáde ní ọdún 1995. Nígbà tí ẹ bá ya fọ́tò, fóònù a kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, irú fóònù tí ó jẹ́, ọjọ́ àti aago, bí ojú kámẹ́rà ti ṣí pẹ́ tó, àti, bí ẹ bá ti gbà á láyè, ibi tí ẹ dúró sí lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe gbogbo èyí ní metadata. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò ni mo máa ń pè é, nítorí ó rán mi létí fọ́tò àwọn bàbá wa, tí ó jẹ́ pé bí a bá yí i sẹ́yìn, a ó rí ohun tí wọ́n fi bírò kọ síbẹ̀: orúkọ, ọjọ́ àti ìlú. Bí bírò náà ti lè kọ òtítọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè kọ irọ́.

Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò kò wúlò. Ó wúlò púpọ̀púpọ̀. Aago fóònù máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, kì í sì í sábà ṣìnà. Ibi tí a wà ni ó ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS tí ń yí ayé ká. Ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ni GPS sọ pé, ní gbangba tí ojú ọ̀run hàn, fóònù sábà máa ń mọ ibi tí ó wà láàárín nǹkan bíi mítà 5. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ilé gíga, tàbí nínú ilé, àṣìṣe rẹ̀ a máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó lè sọ fún yín pé ọgbà ìṣeré báyìí ni a ti ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í búra fún yín pé yàrá kẹta ni, kì í ṣe yàrá kẹrin.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ John McAfee, ọkùnrin tí ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń gbógun ti àrùn kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn ọlọ́pàá Belize ń wá a láti bi í léèrè ọ̀rọ̀ lórí ikú aládùúgbò rẹ̀, ó sì sá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún náà, ìwé ìròyìn Vice gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, èyí tí a fi iPhone yà, wọn kò sì yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò náà kúrò. Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí i lójú ẹsẹ̀ pé Guatemala ni ó wà. McAfee kọ́kọ́ sọ pé òun ni òun mọ̀ọ́mọ̀ yí àkọsílẹ̀ náà padà láti tan àwọn ènìyàn jẹ; lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ pé Guatemala ni òun wà lóòótọ́, wọ́n sì mú un níbẹ̀ láìpẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní, fọ́tò sọ òtítọ́ tí ẹni tí ó ni ín kò fẹ́ kí a mọ̀. Èkejì, nígbà tí ó ní òun ti yí i padà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe, nítorí ó ṣeé ṣe.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àṣìṣe tàbí irọ́ sábà máa ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ wọ́n.

Ọ̀nà kìíní ni ìfiránṣẹ́. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí a ti sábà máa ń ṣe, WhatsApp a fún fọ́tò náà pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, a sì yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Ẹni tí ó gbà á yóò rí ọjọ́ kan nínú fóònù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí fọ́tò wọ inú fóònù rẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ tí a yà á. Nínú fóònù Android, orúkọ fáìlì bẹ́ẹ̀ a máa ní lẹ́tà WA nínú, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dé.

Ọ̀nà kejì ni aago. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí aago fóònù sí bí ó ti wù ú. Yàtọ̀ sí èyí, títí di ọdún 2016, ètò Exif kò ní àyè tí a lè kọ ìyàtọ̀ aago ìlú kan sí èkejì sí. Aago Nàìjíríà kì í yí padà, ṣùgbọ́n ti London a máa yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí 1 ṣáájú London, nígbà ooru, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ti Houston, wákàtí 6 ni nígbà ooru, 7 nígbà òtútù. Fọ́tò tí ọmọ yín yà ní aago 11 alẹ́ ní Houston, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ń mọ́ ní Èkó. Bí adájọ́ bá béèrè pé, “Aago ìlú wo nìyí?” ó yẹ kí ẹnì kan lè dáhùn.

Ọ̀nà kẹta ni àtúnṣe. Láti ọdún 2003 ni irinṣẹ́ kan tí a ń pè ní ExifTool ti wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè yí ọjọ́, ibi àti orúkọ fóònù tí ó wà nínú fọ́tò padà. Láti ọdún 2021, kò tilẹ̀ di dandan kí a wá irinṣẹ́ kankan lọ, nítorí iPhone fúnra rẹ̀ gba oní-fóònù láyè láti yí ọjọ́ àti ibi tí ó so mọ́ fọ́tò padà. Exif kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ní èdìdì.

Ọ̀nà kẹrin ni fọ́tò tí a yà láti ara fọ́tò. Screenshot ń gbé ọjọ́ tí a ṣe screenshot ni, kì í ṣe ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Bí ẹ bá sì fi fóònù ya fọ́tò ìgbéyàwó yín ti ọdún 1988 láti inú álíbọ́ọ̀mù, ọjọ́ òní ni fóònù yóò kọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà kìíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ọmọ kan jẹ́ ní àdúgbò wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pè mí ní alẹ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ni ilé-ìwé ní kí ó dúró sílé. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ kan lu akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ọgbà ìṣeré tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n sì gba fóònù rẹ̀. Ẹnì kan mú fọ́tò wá tí ọmọ ìyá yìí dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú méjì nínú àwọn ọmọ tí a fi ẹ̀sùn kàn, nínú ọgbà ìṣeré kan náà. Nínú fóònù tí wọ́n fi hàn, ọjọ́ tí ó wà lórí fọ́tò ni Ọjọ́bọ̀ náà, aago 2:17 ọ̀sán. Ọmọ náà kò lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ yẹn nítorí pé ara rẹ̀ kò yá. Àbúrò rẹ̀ kékeré nìkan ni ó wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá wọn wà ní ibi iṣẹ́.

Ìyá náà sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo gba ọmọ mi gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ níwájú fọ́tò?”

Mo ní kí ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ilé-ìwé: ta ni ó ya fọ́tò náà, báwo ni ó sì ṣe dé inú fóònù tí ẹ rí i? Ìdáhùn náà kò dé kíákíá, nítorí olùkọ́ tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dání rò pé ọjọ́ tí ó rí ti tó. Nígbà tí ó dé, a gbọ́ pé ẹni tí ó ni fóònù kọ́ ni ó yà á. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ni. Orúkọ fáìlì náà ní WA nínú. Ọmọ mìíràn ni ó yà á, fọ́tò gan-an sì wà nínú fóònù tirẹ̀: ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ní aago 5:38 ìrọ̀lẹ́.

Ìyá náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù. Bí a kò bá gbà kí ọjọ́ inú fóònù kan dá ọmọ rẹ̀ lẹ́bi, a kò lè gbà kí ọjọ́ inú fóònù mìíràn nìkan dá a láre. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iyèméjì lè sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó yí i padà. A tún fọ́tò náà wò. Lẹ́yìn àwọn ọmọ náà, ní apá òsì, àgọ́ funfun kan wà àti ilé bàlúù tí àwọn ọmọdé ń fò lórí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú yẹn nìkan ni àwọn ará àdúgbò ṣe àríyá nínú ọgbà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó àgọ́ wọn kúrò. Obìnrin kan tí ó ta àkàrà níbẹ̀ ní fọ́tò tirẹ̀ tí àgọ́ yẹn hàn nínú rẹ̀, ó sì gbà láti kọ lẹ́tà. Fọ́tò, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò àti ẹlẹ́rìí ẹlẹ́ran-ara sọ ohun kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ ilé-ìwé 9, ọmọ náà padà sí kíláàsì rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹnìkan náà bá tilẹ̀ jẹ́ fóònù, òfin náà kò yí padà.

Ọ̀ràn kejì kan àwa tí a ń kọ́ ilé sílé. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni kò tíì fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi ra sìmẹ́ńtì, bíríkì tàbí páànù. Fọ́tò ni wọ́n fi ń jábọ̀ fún wa: ìpìlẹ̀ nìyí, a ti dé ojú fèrèsé, a ti kan òrùlé. Mo mọ bàbá kan tí ó fi ọdún méjì gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn, tí ó sì ń yọ̀, àfi ìgbà tí ó délé tí ó rí i pé ilẹ̀ òun ṣì jẹ́ igbó. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń yà ránṣẹ́ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kankan nínú gbogbo fọ́tò náà, nítorí WhatsApp ni wọ́n gbà wá. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́tò tí ó ní láárí, ẹ ní kí ẹni tí ó wà nílé tan ibi tí kámẹ́rà ń kọ ibùdó sí, kí ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, nítorí lọ́nà yẹn ni WhatsApp kì í fi í fọwọ́ kan inú fáìlì. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ má ṣe fi mọ síbẹ̀. Ẹ pè é lórí fídíò kí ó rìn láti títì wọ inú ilẹ̀ náà, kí ẹ sì rán ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n lọ wò ó.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti kọ́ọ̀tù nílé, ẹ mọ̀ pé fọ́tò nìkan kò tó. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi hàn kí kọ́ọ̀tù tó gba ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde: pé wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà déédéé, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti pé ẹni tí ó mójú tó o fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Fóònù náà kọ̀ǹpútà ni lójú òfin yìí. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní ọdún 2012, èyí tí ó wáyé lórí ìdìbò gómìnà Bayelsa, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ ìwé tí a fà jáde láti inú íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé wọn kò mú ohun tí abala 84 béèrè ṣẹ. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tún Òfin Ẹ̀rí náà ṣe láti fi àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ kún un kedere. Nítorí náà, ẹ tètè sọ fún lọ́yà yín pé inú fóònù ni ẹ̀rí yín wà.

Ní Amẹ́ríkà, kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ń béèrè lábẹ́ òfin 901 pé kí ẹni tí ó mú nǹkan wá fi hàn pé ohun tí òun pè é gan-an ni ó jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2017, òfin 902 gba onímọ̀ láyè láti fi ìwé ẹ̀rí rọ́pò wíwá jókòó ní kọ́ọ̀tù, bí ó bá lè fi hàn pé ẹ̀dà tí a mú wá bá ti inú fóònù mu. Ohun tí wọ́n sábà ń lò ni òǹkà tí a ń pè ní hash. Kọ̀ǹpútà yóò ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì fún un ní àmì ìdánimọ̀. Irú èyí tí a ń pè ní SHA-256 máa ń jẹ́ àmì 64. Bí ẹnì kan bá yí ẹyọ àmì kan péré padà nínú fọ́tò náà, òǹkà rẹ̀ yóò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi òye gbà á: hash lè fi hàn pé fọ́tò kò yí padà láti ọjọ́ tí a ti kà á, kò lè sọ bóyá òtítọ́ ni ó wà nínú rẹ̀ kí a tó kà á.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2000, lẹ́yìn tí a fagi lé abala 69 nínú òfin PACE ti ọdún 1984, kọ́ọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ẹnì kan bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí èyí dá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Post Office àti kọ̀ǹpútà Horizon. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí a dá lẹ́bi nítorí pé kọ̀ǹpútà sọ pé owó kò pé. Àwọn kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, àwọn kan sì kú kí a tó wẹ orúkọ wọn mọ́. Ọdún 2024 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin tí ó pa irú ìdálẹ́bi bẹ́ẹ̀ rẹ́, ní ọdún 2025 ni ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò àwọn ènìyàn lórí bóyá kí a tún ìlànà náà ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kì í purọ́, ẹ rán an létí Horizon.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí kò rọrùn láti sọ láàárín ara wa. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan wá bá mi pẹ̀lú fọ́tò òun àti obìnrin tí ó fẹ́ mú wá sí London. Ọdún 2021 ni wọ́n ya fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n sọ ọ́ di 2019, kí ó lè hàn pé wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀ tipẹ́. Ó ní, “Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyí? Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà ọ́.” Mo dá a lóhùn pé kò tilẹ̀ ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe é. Mo fi hàn án pé iPhone 12 ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò náà, fóònù tí kò dé ọjà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2020. Fóònù tí a kò tíì ṣe kò lè ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Bí mo bá tilẹ̀ yí ìyẹn náà padà, aṣọ ẹbí, ìrun orí àti àwọn àlejò inú fọ́tò náà ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Òfin ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó fi ẹ̀tàn tọrọ físà fún ọdún 10. Ó bínú. Oṣù mẹ́rin ni kò fi pè mí. Nígbà tí ó yá, ó kó ohun tí ó ní ní tòótọ́ jọ: ìwé owó tí ó ti ń fi ránṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, àti lẹ́tà àwọn òbí méjèèjì. Obìnrin náà ti dé, wọ́n sì ti bímọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti fọ́tò inú fóònù, kì í tó ogún ìṣẹ́jú.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀. Bí ohun tí ó lè di ẹjọ́ bá ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe ògiri tí ń jò, ìbáà ṣe ọgbẹ́ lára ọmọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe fi àwọ̀ kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ wà nínú fóònù tí ó yà á. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, ẹ má sì ta fóònù náà kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ sínú ìwé ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ háyà ilé ní England, ẹ ya gbogbo yàrá ní ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí onílé lórí í-meèlì ní ọjọ́ kan náà. Í-meèlì náà yóò di ẹlẹ́rìí kejì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2007 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí a fi owó ìdógò sábẹ́ ààbò ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, àwọn tí ń dá ẹjọ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sì ń wo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Bí a bá sì fi fọ́tò ẹ̀sùn han ọmọ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ na ọmọ, ẹ má sì ṣe kọ́kọ́ bá ilé-ìwé jà. Ẹ béèrè ẹni tí ó yà á, fóònù tí ó yà á, ọ̀nà tí ó gbà dé, àti ohun mìíràn tí ó jẹ́rìí sí i. Ẹ tún kọ́ àwọn ọmọ pé fọ́tò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ní odidi lè gbé àdírẹ́sì ilé wọn lọ sọ́wọ́ àjèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí a ti ń pa ibùdó kámẹ́rà nígbà tí kò bá yẹ kí ó wà ní títàn.

Àwọn onímọ̀ kò sùn. Ní ọdún 2021 ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Adobe, Microsoft àti BBC dá ètò C2PA sílẹ̀, èyí tí ń fi èdìdì orí kọ̀ǹpútà sí fọ́tò láti inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà Leica kan gbé e jáde ní ọdún 2023, fóònù Pixel 10 ti Google sì tẹ̀ lé e ní 2025. Èdìdì náà yóò ràn wá lọ́wọ́, pàápàá ní àkókò yìí tí kọ̀ǹpútà lè ya àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n èdìdì kò lè sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹni tí ó di kámẹ́rà mú, tàbí ìdí tí ó fi yà á. Iṣẹ́ ènìyàn nìyẹn ṣì jẹ́: kí a béèrè, kí a gbọ́ ẹnu méjèèjì, kí a tó dájọ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ẹjọ́ tí yóò ju agbára wa lọ, kí ó sì dá àwọn ọmọ wa sí fún wa ní ilẹ̀ àjèjì. Àṣẹ.